Àmì Tó Jábọ́ Nínú Kọ̀ǹpáílà

Mo rántí ọ̀sán tí nọ́ọ̀sì kan pè mí láti Ìjẹ̀gùn, tí ìrẹsì di iyanrìn lẹ́nu mi. Ìgàndó ni mo ń gbé nígbà náà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo sì ń ṣe. Mo ti kọ ètò kan fún fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé sí nílé ìwòsàn rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá ti ń gbóná, kí aago ìkìlọ̀ dún.

"Kò dún o," ni ó wí. "Mo dé láàárọ̀, gbogbo abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti tò síta. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Kò pẹ́ tí mo fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọwọ́ mi ló sì ti wá. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí n kò fojú rí rí, la jọ ń tún kọ̀ǹpáílà kan ṣe, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tí a kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. A lè kọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan, tí à ń pè ní màkírò, kí kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ tú u sí ìlà púpọ̀. Òun náà ló ń tú ètò fíríìjì mi, a sì máa yọ ìlà tó bá rí bí aláìwúlò kúrò. Mo ti lẹ àmì mọ́ màkírò aago ìkìlọ̀ yẹn: má yọ èyí kúrò, bó tilẹ̀ dà bíi pé kò wúlò. Àtúnṣe tí mo fi ìwàǹwára ṣe sí kọ̀ǹpáílà, tí mo ń retí kí wọ́n yìn mí lé lórí, ló ń mú kí àmì jábọ́ nígbà tí màkírò bá tú. Kọ̀ǹpáílà rí aago láìní àmì, ó gbá a dànù bíi pàǹtí.

Ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni? Rárá. Mo ní màá tún un ṣe kí wọ́n tó mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fa ibí, tí ọ̀hún ń já. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Èmi, agbára ni mo fi ń mú un. N kò jẹun, n kò wẹ̀. Mo ń ké pe Ọlọ́run bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì náà, obìnrin tó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, jókòó síwájú fíríìjì, ó gbé òṣùwọ̀n ìgbóná sórí itan. Wọ́n ti kó abẹ́rẹ́ àjẹsára mìíràn wá síbẹ̀. Ojú ara rẹ̀ ló fi ń ṣọ́ ọ.

"Láti ìjẹta ni mo ti wà níbí. Ọmọ mi, àbí kò sí ọ̀nà mìíràn ni?"

"Ó wà, mà," ni mo wí. Ojú tì mí. Bí mo bá kọ ìlà aago náà ní kíkún tòun ti àmì rẹ̀, láìlo màkírò, yóò dún. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n rò ó. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo kọ ọ́ tomijé-tomijé. Aago dún. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá àwa tí à ń tún kọ̀ǹpáílà ṣe pé èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́.

Ó pè mí lójú ẹsẹ̀. Kò tilẹ̀ bínú. "Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tó ti ń jábọ́ ná." A tẹ̀ lé màkírò náà ní ìpele-ìpele, a sì rí i: màkírò dà bí àpò, àtúnṣe mi ń kó ẹrù inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà, jáde, ó sì ń sọ àpò nù tòun ti àmì ara rẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré la fi lẹ àmì náà mọ́ ẹrù kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìyá ọjọ́ yẹn padà wá, àfi méjì. Nọ́ọ̀sì wá wọn títí, àwọn aládùúgbò ní wọ́n ti kó lọ tọmọtọmọ, láìgba abẹ́rẹ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Àwọn èèyàn ti gbàgbé àṣìṣe mi, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pè mí lọ́gàá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gba Ìjẹ̀gùn kọjá lásìkò tí iléèwé bá jáde, mo máa ń wo ojú àwọn ọmọ, n kò sì mọ ẹni tí mo ń wá.