Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Wọ Kásẹ́ẹ̀tì Rápù

Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni gúgúrú agolo mílíìkì kan ní Ifọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, lásìkò tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fún àwọn òbí wa lọ́rùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé: ẹ̀pà díẹ̀ lórí, iyọ̀ tó ń ta èèyàn létè. Gúgúrú yẹn ni Bọ̀dá Lání, ẹ̀gbọ́n mi, fi háyà mi.

Bọ̀dá Lání ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ réluwéè. Lọ́sàn-án Sátidé, rédíò Èkó máa ń fi wákàtí kan gbé rápù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi á yá tépù ọ̀gá rẹ̀ wá sílé, á gbé e kojú rédíò bàbá wa, á tẹ bọ́tìnì pupa, á gba orin sílẹ̀. Kò sí wáyà láàárín àwọn méjèèjì, nítorí náà ohun tí etí bá gbọ́ ni tépù á gbọ́. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà á san náírà méjì-méjì kó lè dà á sínú kásẹ́ẹ̀tì tiwọn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí n lé adìẹ, kí n sì fìka dí ẹnu fún ẹni tó bá ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo gbádùn ipò náà bí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kan, ewúrẹ́ ké sáàárín orin, oníbàárà méjì sì dá kásẹ́ẹ̀tì padà. Ọ̀gá búra pé bí ẹyọ ẹnì kan bá tún dá a padà, Lání kò ní fọwọ́ kan tépù òun mọ́ láé. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Rápù ni ayé rẹ̀. Ó ń sọ gẹ̀ẹ́sì tí kò yé òun fúnra rẹ̀ káàkiri àgbàlá bí ẹni tí ata há lọ́fun.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, tépù ti ń gba orin lọ, àfi bí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ṣe dé láti Ìbàfò láìròtẹ́lẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ọsàn lórí. Mo fìka dí ẹnu. Wọ́n wò mí bí ọmọ tí eyín ń dùn.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o!"

Ẹ gbà mí. Nílé tiwa, ọmọ tó gbọ́ ìkíni àgbà tí kò dáhùn, ìyá mi á fọ́ ọ létí kó tó béèrè ìdí. Mo wo Bọ̀dá Lání, ó ń mi orí pé rárá, rárá. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ mà!" Mo tún pariwo rẹ̀, nítorí Ìyá Àgbà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́.

Ọmọ tó bá kúnlẹ̀, àgbà gbọ́dọ̀ kì í. "Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ a-rẹ́rìn-ín-kí-ọjà-tó-tú, ọmọ a-wuni-bí-òórùn-iṣu-sísun..." Wọn ò mí. Wọ́n kì mí títí kan bàbá tó bí bàbá bàbá wọn. Ará Amẹ́ríkà ń sáré tẹ̀ lé wọn nínú rédíò, kò bá wọn. Bọ̀dá Lání fẹ̀wù bojú, ó ń sunkún.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ méje tó ti sanwó dé. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́wọ́, ó gbé e fún wọn gbọ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó ga jù nínú wọn ní, "Lání, mámà yìí na ará Amẹ́ríkà yẹn o!" Kò sẹ́ni tó dá a padà. Mẹ́ta míì tún wá béèrè "ti mámà". Tépù ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí a gbé e fún Ìyá Àgbà, ìkíni mi tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn: "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Wọ́n wá bi wá pé kí ni ọkùnrin yẹn ń wí. Bọ̀dá Lání ní ó ń yin ara rẹ̀ ni.

"Ara rẹ̀ kẹ̀? Ṣé kò níyàá ni?" Wọ́n nawọ́ sí i. "Owó tèmi tí mo bá yín kọ ńkọ́?"

Lónìí, ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà ní Mówé. Rápù tó jáde láàárọ̀ á ti wọ fóònù ọmọ mi kó tó fọnu. Kò sẹ́ni tó ń lé adìẹ fún un. Ó ki nǹkan bọ etí, mo kí i tán, kò gbọ́. Inú fóònù yẹn náà ni àwọn olórin ti ń jókòó sọ̀rọ̀, ṣéènì góòlù lọ́rùn, tí wọ́n ń ké pé àwọn tó ń ta orin àwọn rẹ́ àwọn jẹ. Àánú wọn ń ṣe mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Olórin rápù tí a ní nílé tiwa ò ráhùn fún ẹnikẹ́ni. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbowó lọ́wọ́ Bọ̀dá Lání, tí wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn: náírà méjì géérégé.