Ibi Tí Ikún Ti Ń Jẹ Ẹ̀pà

Nígbà tí bàbá wa kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mo lọ mú màmá wa wá sí Niamey, sí ilé mi ní Talladjé, kí wọ́n má baà dá nìkan wà. Kò tíì pé oṣù méjì tí aṣọ fi ń bọ́ kúrò léjìká wọn. Wọn kì í jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti ilé, ó ní tí wọ́n bá ń rù bẹ́ẹ̀, òun ń bọ̀ wá mú wọn padà. Inú bí mi, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n dúró lọ́dọ̀ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ.

Mo gba ọ̀nà tí mo mọ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti ọjà Katako dé, níbi tí mo ti ń ta aṣọ, màá fi wọ́n jókòó sórí àga ńlá láàárín pálọ̀, màá gbé oúnjẹ síwájú wọn, màá sì dúró tì wọ́n. "Màámi, ẹ jẹun! Ẹ tún bù sí i!" Wọ́n á jẹ òkèlè mẹ́ta, wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ó ti tó, ọmọ mi. O ṣeun."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, mo jókòó tì wọ́n lórí ẹní lábẹ́ dóńgóyárò. Ọyẹ́ ti bo gbogbo àdúgbò, oòrùn funfun bí omi ẹ̀kọ, ohùn àwọn ọmọ kéwú sì ń wá láti òkèèrè, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Lẹ́bàá ògiri ìsàlẹ̀ ni òkìtì igi ẹlẹ́gùn-ún tí mi ò tíì kó dànù wà. Ikún kan ń gbé ibẹ̀. Màmá mi ju ẹ̀pà sílẹ̀ fún un, díẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀gún, púpọ̀ láàárín àgbàlá. Ikún jáde, ó ṣa ti ẹ̀bá ẹ̀gún tán pátápátá, ó ń wá èèpo kiri, kò sì yà sí àárín.

"Irú ìyà wo lèyí ń fi jẹ ara ẹ̀?" ni mo wí. "Ẹ̀pà rẹpẹtẹ nìyẹn!"

Màmá mi rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn gbẹ̀yìn. "Wòkè."

Àwòdì kan ń yí po lójú ọ̀run, kò kánjú rárá.

"Ibi tó ti lè sá ló ti ń jẹun," ni wọ́n wí. "Nígbà tí wọ́n fi wá ṣọ́ oko ẹ̀pà lọ́mọdé, tá a bá ti ṣán igbó etí oko mọ́lẹ̀, ikún ò jẹ́ wọ àárín mọ́."

"Tí àwòdì bá wá lọ ńkọ́?"

"Lójú tìẹ ló lọ. Ikún ṣì ń gbọ́ ìyẹ́ ẹ̀."

Oorun gbé mi díẹ̀ níbẹ̀. Nínú rẹ̀ mo rí oko ẹ̀pà tí kò lópin, mo sì ń gbọ́ ìró ọwọ́ nínú abọ́. Mo la ojú díẹ̀. Màmá mi fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n dojú kọ géètì, wọ́n ń jẹ túwó tí ìyàwó mi gbé fún wọn. Abọ́ náà ti fẹ́ẹ̀ tán. Ayọ̀ gbé mi, mo fò dìde.

"Màámi! Ẹ ti jẹun!"

Ọwọ́ wọn dúró lójú kan. Mo mọ ojú tí wọ́n fi wò mí. Ojú tí wọ́n máa ń ṣe nìyẹn ní ilé ìdáná Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n bá ń jẹun lóòró, tí bàbá wa bá ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò rí i kí bàbá wa nà wọ́n rí. Ohùn bàbá nìkan ti tó. Lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá, gbogbo ẹbí ń sọ pé téèyàn bá di ojú, tí èmi bá ń sọ̀rọ̀, bàbá kò kú. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ náà.

Mo tẹ̀ lé ìyàwó mi wọ yàrá, mo bi í léèrè.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá ti jáde láàárọ̀, wọ́n máa ń jẹ díẹ̀ lẹ́bàá ògiri yẹn. Tí wọ́n bá ti gbọ́ géètì nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní kí n gbé abọ́ wọlé."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá kí màmá mi má baà gbọ́ ohùn mi. Ó dùn mí wọnú egungun.

Lọ́jọ́ kejì mo tètè kúrò ní Katako. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú tákísí kó tó dé ilé wa, mo fi ẹsẹ̀ rìn, mo rọra ṣí géètì. Màmá mi wà lẹ́bàá ògiri, abọ́ wà lórí itan wọn. Wọ́n rí mi, ọwọ́ wọn dúró.

Mo kí wọn jẹ́jẹ́. Mi ò ní kí wọ́n jẹun. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àgbàlá, nínú oòrùn, níbi tí wọ́n ti lè rí ọwọ́ mi méjèèjì, mo sì kọjú sí òkìtì ẹ̀gún. Ó pẹ́. Ẹsẹ̀ mi ti kú kí n tó gbọ́ tí ìka wọn tún kan abọ́.

Mi ò yíjú wò.