Ọkọ̀ Ogun Bàbá Onílé Wa

Bí bàbá onílé wa ní Ibafo bá ti ń họ irùngbọ̀n, a ti mọ̀ pé ìtàn ọkọ̀ ogun ń bọ̀ nìyẹn. Ológun ojú omi ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ wọn ti ṣiṣẹ́ fún orílẹ̀-èdè mìíràn kí wọ́n tó fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ẹni tó bá pè é ní tòkunbọ̀, bàbá ò ní dá a lóhùn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyàwó wọn ti kú tipẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú mi dání lọ sí Ọ̀fàdà, láti lọ bẹ ìyá onírẹsì kan, tí ọkọ tiwọn náà ti kú, pé kí wọ́n wá di aya àwọn.

Ìyá ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti ṣe ilé ọkọ rí?"

Bàbá họ irùngbọ̀n.

"Ọkọ̀ wa náà ti wà lábẹ́ àsíá mìíràn rí. Nígbà tá a gbà á, a kùn ún, a yí orúkọ rẹ̀ padà, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àpò ìrẹsì.

"Mo gbà," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ò ní kùn mí o, orúkọ mi ò sì ní yí padà."