Bátìrì Tí Cornelius Fi Gílóòbù Dán Wò

Ó ti rẹ Cornelius. Àárẹ̀ ara rẹ̀ tó pín kárí gbogbo Ìlaró, kó tún ṣẹ́kù fún Ìmàṣàyí. Látìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, tí wọn ò sì jẹ́ kí epo dé àwọn ilé epo ẹ̀bá ibẹ̀ mọ́, ni oníwáyà mọ́tò yìí ti ń wá bí ọ̀kadà rẹ̀ yóò ṣe máa fi bátìrì rìn. Fadékẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, ń ṣe tíṣà nílé-ìwé aládàáni kan ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni orúkọ rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ ìlà pupa tí ọ̀gá wọn ń fà sínú ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Oríṣi sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù méjì tí wọ́n ń tò di bátìrì ló wà nílẹ̀: àwọn róbótó tí Cornelius tú nínú òkú láptọ́ọ̀pù, àti àwọn pẹlẹbẹ tí Àúdù onísólà kó wá, tí ọ̀kan ṣoṣo wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń so wọ́n mọ́ gílóòbù láti mọ èyí tó máa pẹ́ jù. Róbótó tan iná fún wákàtí mẹ́jọ, pẹlẹbẹ tàn án fún mẹ́fà.

"Ẹ̀gbọ́n, gílóòbù ò gbé ìyàwó rí o," ni Àúdù wí. "Ẹ fi pẹlẹbẹ gun òkè ná."

"Lọ jókòó! Ṣé kí n wá gbé ilé ru ọ̀kadà ni?"

Róbótó ló dì mọ́ ọ̀kadà.

Lọ́jọ́ Ajé, òun àti Fadékẹ́mi gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ohun tí Cornelius ò rò mọ́ ọn ni àwọn ibi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà. Wọ́n sún mọ́ra débi pé ẹni tó wà níbí lè na ìṣáná sí ẹni tó wà lọ́hùn-ún láì dìde. Níbi gbogbo tí wọ́n bá sì ti dúró, ọ̀kadà á tún fi tipátipá gbéra, ìyẹn sì ń gba agbára tí gílóòbù ò béèrè rí. Níbi ìkẹrìnlá, róbótó gbóná, ó kú.

"Bàbá Purity, ó ti kú?" ni Fadékẹ́mi bi ọkọ rẹ̀.

"Ó ń sinmi ni."

"Kí n bá a sinmi, àbí kí n máa fẹsẹ̀ rìn lọ?"

Nígbà tí bátìrì tutù, ó jí. Níbi ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó tún kú. Ó wá yé Cornelius: ìgbéra ló ń pa á, eré ò ṣe é ní nǹkan kan. Látìgbà náà, ibi tí wọ́n bá ti dá wọn dúró, á ti ọ̀kadà tòun ti Fadékẹ́mi lórí ìjókòó títí yóò fi máa sáré, á sì fò lé e.

"Ọ̀gá, ṣe bó ń ṣiṣẹ́, kí lẹ wá ń tì í sí?" aṣọ́bodè kan béèrè.

"Mò ń jẹ́ kó sinmi ni, sà."

Ibi mọ́kànlá ló ti tì í. Ọ̀gá ilé-ìwé ti gbé rúlà lé ìwé nígbà tí Fadékẹ́mi já wọlé, tó fọwọ́ sí i. Nígbà tó padà síta, ọkọ rẹ̀ ti nà gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ ṣeun o, Bàbá Purity. Aago méjì la máa jáde o."

Cornelius fi àṣíborí bojú.