Apá Ọ̀tún Pẹ́ńtà

Kíkun àjà ilé ni wọ́n mọ Pẹ́ńtà mọ́. Bó bá gun àkàbà, ẹ̀kán ọ̀dà kan kì í kán sílẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gòkè kọjá àyà mọ́. Dókítà ní wọ́n gún un sókè jù, abẹ́rẹ́ ti kan oríkèé èjìká.

Ìjọba ní owó gbà-má-bínú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ wọlé kí ọdún mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ náà. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Lọ́yà rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò kọ nǹkan kan sí fáìlì yín lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ní orí àkàbà lẹ ti já bọ́."

Láti ìgbà náà, Pẹ́ńtà ń rìn lọ rìn bọ̀ ṣáá nínú yàrá òkè tí wọ́n ń gbé. Ìyàwó rẹ̀, tó ń bá a wọ ẹ̀wù láràárọ̀, ní, "Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Bẹ́ẹ ṣe ń lọ tẹ́ẹ ń bọ̀ yìí, ẹ máa dá ilẹ̀ lu, ẹ máa bọ́ sórí àwọn ará ìsàlẹ̀."

Pẹ́ńtà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dénú. "Nọ́ọ̀sì tó gún mi gbọ́ nígbà tí mo ké."

"Ta ló máa fẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀?"

Síbẹ̀, ó lọ sí ilé ìwòsàn náà. Ó bá nọ́ọ̀sì náà níbi tó ti ń to ìgò oògùn sínú fìríìjì. Ọ̀rọ̀ tó ti ń tò bọ̀ lọ́nà fò lọ lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo apá tó so rọ̀.

"Bàbá, apá yẹn náà rèé?"

"Òun ni, ọmọ mi."

"Ẹ ké lóòótọ́. Mo rò pé ìrora náà máa lọ ni." Ó ti ilẹ̀kùn fìríìjì. "Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ké, wọ́n lè lé mi níṣẹ́."

"Mo mọ̀." Pẹ́ńtà ò bẹ̀ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì fa bébà yọ, ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i.

Ìwé wọlé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi dúró kí èsì tó dé: wọ́n gbà pé abẹ́rẹ́ ló fà á, wọ́n sì sanwó. Apá ò padà bọ̀ sípò tán. Ẹlòmíì ló ń kun àjà fún un báyìí. Wọn ò lé nọ́ọ̀sì, wọ́n kàn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn.

Nígbà tí àkókò abẹ́rẹ́ tún tó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni Pẹ́ńtà lọ. Ó na apá òsì. Nọ́ọ̀sì fìka wọn èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gún un.