Àǹtí Lavinia Dá Panápaná Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí iná ràn mọ́ òrùlé ilé àtijọ́ ìlú wa, Lavinia Sprague ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó na ìgbálẹ̀ sí àwọn panápaná.

"Ta ni yín? Ọkọ̀ ojú omi wo ló gbé yín dé?"

"Àǹtí, èmi Dwight ni! Ẹ yà lọ́nà, òrùlé ń jó!"

"Mi ò mọ Dwight kankan."

Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni. Wọ́n jọ jẹun àárọ̀ ni.

Ní ilé yẹn, lọ́sẹ̀ Ìdúpẹ́ lọ́dọọdún, a máa ń wọṣọ bí àwọn tó fi ọkọ̀ ojú omi wá tẹ ìlú wa dó, a ó fi igi dáná, kí àlejò lè rí bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ìkórè. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kálukú á bọ́ aṣọ, á padà sí ayé òde òní. Àǹtí Lavinia kì í padà títí ọ̀sẹ̀ yẹn á fi parí.

Dwight rí i pé àríyànjiyàn ò lè pa iná. Ó ṣí akoto rẹ̀, ó ṣe bí ará ayé àtijọ́. "Gómìnà ló rán wa, ìyá."

"Ẹ ò tètè sọ!" Ó yà fún wọn. "Ẹ nu ẹsẹ̀ yín o!"

Lọ́dún mìíràn, búrẹ́dì àgbàdo kán an léyín. Dókítà eyín ní òun máa fún un lábẹ́rẹ́.

"Abẹ́rẹ́ ìránṣọ nìkan ni mo mọ̀. Fi okùn fà á!"

Dókítà fà á díẹ̀. Àǹtí gbá a lápá mú, ó rọra sọ sí i létí pé, "Abẹ́rẹ́ tó o wí yẹn, ṣé ó ṣì wà?"

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Àǹtí dágbére fáyé. Nígbà tí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ dé, a tẹ́ tábìlì bó ṣe máa ń tẹ́ ẹ. Alden ọkọ rẹ̀ sì wọlé, tòun ti ṣòkòtò orúnkún ayé àtijọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ funfun tó ń já bọ́. Ọkùnrin tí kì í bá wa wọ̀ ọ́! Inú mọ́tò níta ló máa ń jókòó sí lọ́dọọdún, tí á máa gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Òun náà rẹ́rìn-ín.

A ní kó ṣe ìdúpẹ́. Ó ṣí fìlà.

"Rédíò mọ́tò yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́," ó wí. "Fèrèsé ilé ìdáná ni mo máa ń kọjú mọ́tò sí. Mo fẹ́ràn kí n máa wo Lavinia níbi tó ti ń pàṣẹ. Mo dúpẹ́."

Dwight gbé àwo tòlótòló, ó gé ibi tó dáa jù fún un.