Ọ̀gànwó Tàjúdéènì

“Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni Tàjúdéènì fi bẹ́ẹ̀dì ra igi, tí kò sì gé e títí ó fi kú?” Yétúndé, ọmọ ilé kejì ní Rumuola, ní Port Harcourt níbí, ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́ ni. Ní 1967, kí ogun tó dé, Tàjúdéènì káfíńtà kan bẹ́ẹ̀dì ìyàwó fún Solomon, tó nígbó ní Eneka. Igi kan ni owó iṣẹ́. Tàjúdéènì yí igbó náà ká, ó wá nawọ́ sí ọ̀gànwó tó tọ́ jù níbẹ̀.

Solomon kígbe. “Káfíńtà, you wan kill me? Mú òmíràn!”

“Bẹ́ẹ̀dì tí mo kàn, ṣé mo yọ ẹsẹ̀ kan kúrò?”

Wọ́n fà á títí oòrùn fi ń wọ̀. Solomon gbà. Tàjúdéènì wá gbé ayùn kúrò lára igi náà. “Ó ti di tèmi. Kó dúró. Fún mi ní èyí tó wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ yẹn ṣe ènì.”

Ènì ló gé.

“Èyí tó dára ni gbogbo yín ń gé,” ó ní. “Ta ni yóò wá bímọ fún igbó?”

Ó fi igi wíwọ́ náà kan àga. Olúwọlé ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó, ó ní àga ń da òun sọ́tùn-ún. Tàjúdéènì ní, “Ìwọ náà, fì sósì!”

Ogun lé Tàjúdéènì lọ sílé, ní Ìjẹ̀bú. Nígbà tó padà ní 1969, àwọn agégi ti wọ igbó náà. Ìrókò ti lọ, igi apá ti lọ. Oòrùn ráyè wọlé, àwọn igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ eléwé bí agboòrùn, tí kò ṣe é là ní pákó, sì gba ibẹ̀. Nínú àwọn igi àgbà, àwọn tó wọ́ àti àwọn oníhò ló kù, bí ata orí àtẹ nígbà tí ọjà ti tú.

Nínú àwọn tó tọ́, ọ̀gànwó Tàjúdéènì nìkan ló dúró, ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Solomon ti sọ fún àwọn agégi pé, “Kì í ṣe tèmi. Káfíńtà ló ni ín, ó ń bọ̀.”

“Ó yá, wá gé igi rẹ,” Solomon wí fún un.

“Ṣé bẹ́ẹ̀dì ti wó ni?”

Nígbà òjò 1970 ni Tàjúdéènì kú. Solomon gbé ayùn wá bá Sìkírátù, opó rẹ̀. “Ìyá, mi ò fẹ́ jẹ òkú ní gbèsè. Ẹ jẹ́ kí n gé igi náà wá fún yín.”

Sìkírátù bi í pé, “Bẹ́ẹ̀dì yín ńkọ́?”

“Orí rẹ̀ la ṣì ń sùn.”

“Ẹ máa jẹ gbèsè náà bẹ́ẹ̀. Ènì nìkan ni kẹ́ ẹ mú wá.”

Solomon rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú. Lọ́jọ́ kejì, ó wú ọmọ ọ̀gànwó kan wá, ó gbìn ín sẹ́bàá ibojì Tàjúdéènì. Èyí ńlá ṣì wà ní Eneka. Solomon ṣì jẹ ẹ́.